Alágbàtà Ímeèlì: Ìtàn Àwọn Tí Ń Bá Ẹlòmíràn Tọ́jú Lẹ́tà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé alágbàtà ní ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Kò sí ọmọ ọjà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí kò yé. Bí iṣu bá ti oko wá, tí ó gba ọwọ́ alájàpá kan, tí alájàpá gbé e fún alárobọ̀, tí alárobọ̀ tún wá pàtẹ rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, owó tí ẹni tí yóò fi gún iyán yóò san kì í ṣe kékeré mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó fi ìwọ̀n ìka kan kún gígùn iṣu náà. Èmi gba òwe yìí gbọ́ fún iṣu. Ṣùgbọ́n òwò kan dìde lójú ayé wa yìí tí òwe náà kò bá mu tán, òun ni mo sì fẹ́ pìtàn rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Òwò náà ni ti àwọn tí ń bá ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tọ́jú ímeèlì àwọn oníbàárà wọn, tí wọn kì í sì í bá oníbàárà náà fúnra rẹ̀ pàdé, nítorí pé ọwọ́ alágbàtà ni ọjà wọn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè bi mí pé, kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn pẹ̀lú irú òwò bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé ọjà tí wọ́n ń tà kì í ṣe iṣu. Lẹ́tà ni. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ láàárín tọkọtaya wà nínú rẹ̀, àṣírí ilé-iṣẹ́ àti èsì àyẹ̀wò aláìsàn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí irú ẹrù báyìí bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, tí ẹni tí ó ni ín kò sì mọ̀, ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí yóò dáhùn ní ọjọ́ tí ẹrù bá sọnù.

Kí ìtàn náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a ti orísun bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, Ray Tomlinson, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Bolt Beranek and Newman ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí orí òmíràn lórí ìsokọ́ra tí wọ́n ń pè ní ARPANET. Òun ni ó mú àmì @ láti fi ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tí ẹni náà ń lò. Ẹ kíyè sí i pé ní ìgbà náà, ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn àmì yìí jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ kan pàtó. Orúkọ ilé àti ilé fúnra rẹ̀ kò tíì pínyà. Bí ẹ̀rọ bá kú, lẹ́tà kò rí ibi gúnlẹ̀ sí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, Jon Postel gbé ìlànà SMTP jáde, èyí tí ó sọ bí kọ̀ǹpútà kan yóò ti kí èkejì, tí yóò sọ ẹni tí lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá àti ẹni tí ó ń lọ bá, kí ó tó gbé lẹ́tà sílẹ̀. Ní ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé ètò orúkọ kalẹ̀, èyí tí à ń pè ní DNS. Ìlànà méjèèjì yìí ni ímeèlì ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún òwò tí mò ń sọ ni ìwé kékeré kan tí Craig Partridge kọ ní oṣù kìíní ọdún 1986. Ìwé náà ṣàlàyé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MX. Nípa àkọsílẹ̀ yìí, ẹni tí ó ni orúkọ kan lè kéde fún gbogbo ayé pé: Bí ẹ bá ní lẹ́tà fún orúkọ mi, ẹ má ṣe gbé e wá sí ilé mi, ilé lágbájá ni kí ẹ gbé e lọ. Láti ìgbà náà ni orúkọ àti ilé ti pínyà. Ènìyàn lè wà ní Tòróńtò kí lẹ́tà rẹ̀ máa gúnlẹ̀ sí San Francisco, kí ẹni tí ó kọ ọ́ má sì fura. Ohun tí Partridge ń rò kì í ṣe òwò. Ó ń wá ọ̀nà tí lẹ́tà yóò fi dé ibi tí ó ń lọ bí ọ̀nà kan bá dí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti la ọ̀nà, a kò mọ gbogbo ẹni tí yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí eéṣú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ, pẹ̀lú okùn tẹlifóònù, módẹ́ẹ̀mù mélòó kan, àti kọ̀ǹpútà díẹ̀ nínú yàrá kan. Olúkúlùkù wọn ni ó ń fún oníbàárà rẹ̀ ní àdírẹ́sì ímeèlì, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò nira. Sendmail tí Eric Allman ṣe ní Yunifásítì California ní Berkeley wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àǹfààní ńlá sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń tà: orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wà ní ẹ̀yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì oníbàárà. Bí oníbàárà bá bínú tí ó fẹ́ lọ sí ibòmíràn, ó ní láti fi àdírẹ́sì yẹn sílẹ̀, kí ó sì máa wá gbogbo ọ̀rẹ́ àti alábàáṣòwò rẹ̀ kiri láti sọ tuntun fún wọn. Nítorí náà, ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀bùn jẹ́ okùn tí a fi so ẹran mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n okùn náà so ẹni tí ó dì í mú pẹ̀lú. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi àwòrán àti ìwé ńláńlá há inú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, tí ayé ń pè ní sípáàmù, ń ya wọlé bí omi àgbàrá. Irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìtàn rántí ni èyí tí Gary Thuerk fi ránṣẹ́ sí àwọn bí 400 lórí ARPANET ní oṣù karùn-ún ọdún 1978 láti polówó kọ̀ǹpútà. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, sípáàmù ti ju ìdajì gbogbo lẹ́tà tí ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Kòkòrò kọ̀ǹpútà náà kò gbẹ́yìn: Melissa jà ní oṣù kẹta ọdún 1999, ILOVEYOU jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ímeèlì ni àwọn méjèèjì sì gùn bí ẹṣin. Ẹni tí ó bá ní oníbàárà 500 ní láti jí lóru láti ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní 50,000 ti ń jí. Ọlọ́dẹ kan náà ni yóò ṣọ́ ilé oníyàrá kan àti ilé oníyàrá ogún. Ṣùgbọ́n ilé oníyàrá ogún ni yóò rí owó san fún un.

Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé wọn kò lè bu owó lé e. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1996, Sabeer Bhatia àti Jack Smith ṣí Hotmail sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gba ímeèlì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọdún 1997 tó parí, Microsoft ti rà á. Ta ni yóò wá san owó fún ohun tí ẹlòmíràn ń pín lọ́fẹ̀ẹ́? Báyìí ni ilé-iṣẹ́ kékeré wọ̀nyí há sí àárín: wọn kò lè ta ímeèlì, wọn kò sì lè fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ẹrù bá wúwo bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò sọ pé òun yóò bá wọn rù ú kì í pẹ́ yọjú. Ní ọdún 1997, David Hayden dá ilé-iṣẹ́ Critical Path sílẹ̀ ní San Francisco. Ohun tí ó ń tà ni pé kí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn mìíràn kó ímeèlì àwọn ènìyàn wọn lé òun lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa san owó fún un. Orúkọ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ni oníbàárà ń rí. Kì í rí orúkọ Critical Path. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, wọ́n gbé ṣíà rẹ̀ lọ sí ọjà, àwọn ènìyàn sì ń rà á bí ẹni pé owó kò ní tán láyé. Ó ra ilé-iṣẹ́ mìíràn mọ́ra. Àfi ní ọdún 2001 tí àṣírí tú pé owó tí ó kọ sínú ìwé pé òun pa kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, ẹni tí ó ti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú èrú náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ní ọjọ́ tí ìwé owó ilé-iṣẹ́ yìí dàrú, lẹ́tà àìlóǹkà ènìyàn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bí ó bá ti wó pátápátá, ọ̀dọ̀ ta ni wọn ì bá lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń san owó fún ni. Ẹni yẹn ì bá sì na ìka sí ibòmíràn. Ó ṣe, kò wó. Ó kàn rọ̀ ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ó ta apá iṣẹ́ rẹ̀ tí ń bá ènìyàn tọ́jú ímeèlì fún ilé-iṣẹ́ kan ní Tòróńtò ní Kánádà, orúkọ rẹ̀ ni Tucows.

Orúkọ Tucows ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, nítorí pé ní etí Gẹ̀ẹ́sì ó dún bí màlúù méjì, orí màlúù méjì ni wọ́n sì fi ṣe àmì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Scott Swedorski, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ní ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1993, gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn ènìyàn ti lè rí ètò kọ̀ǹpútà kó. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Kánádà. Ohun tí ó yí ìtàn rẹ̀ padà ni pé títí di ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Network Solutions, ni ó ń ta orúkọ tí ó parí sí .com, dọ́là 35 ní ọdún kan. Nígbà tí àjọ ICANN ṣí ọjà náà sílẹ̀ fún àwọn mìíràn ní ọdún yẹn, Tucows wọlé, ṣùgbọ́n kò dúró sí ojú títì láti máa pe oníbàárà. Ó dá ètò kan sílẹ̀ tí ó pè ní OpenSRS, ó sì ní àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn tí ń bá ènìyàn gbé ìkànnì ró ni yóò jẹ́ alágbàtà òun. Lẹ́yìn orúkọ, ó gbé ímeèlì lé àtẹ kan náà. Ẹni tí ó ti ń ra orúkọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè ra àpótí ímeèlì mọ́ ọn.

Ọ̀nà tí òwò náà gbà ń rìn nìyí. Ẹni tí ń tà lọ́pọ̀ ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ń ṣọ́ ọ lóru, òun ni ó ń sẹ́ sípáàmù kúrò. Alágbàtà ń san owó fún un lóṣooṣù lórí iye àpótí tí ó ṣí. Ó ní ojú ewé kan tí ó ti lè ṣí àpótí fún oníbàárà, kí ó ti í, tàbí kí ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Iye tí ó bá wù ú ni ó lè tà á. Àmì àti orúkọ tirẹ̀ ni yóò wà ní ojú ewé tí oníbàárà ti ń ka lẹ́tà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, alágbàtà ni oníbàárà yóò pè lórí tẹlifóònù, alágbàtà ni yóò sì kọ̀wé sí ẹni tí ń tà lọ́pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní oníbàárà 200 wá di ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ tí àwọn olówó ní.

Ìdí nìyí tí mo fi ní òwe wa kò bá òwò yìí mu tán. Bí alágbàtà ọgọ́rùn-ún bá kó ẹrù wọn jọ sí abẹ́ òrùlé kan, owó ọlọ́dẹ kan ni wọn yóò jọ san. Alágbàtà kò sọ ọjà yìí di ọ̀wọ́n. Ó sọ ọ́ di pọ́ọ́kú. Ohun tí ó di ọ̀wọ́n ni ìdáhùn. Bí a bá tẹ̀lé okùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, a óò rí ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí rẹ̀, olúkúlùkù sì lè sọ pé kì í ṣe ọwọ́ òun ni ó já.

Kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BT, tí ó tóbi bí erin, kó ímeèlì àwọn oníbàárà rẹ̀ fún Yahoo láti ọdún 2003. Ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti ń ké pé àwọn olè ń wọ inú àpótí wọn, BT kéde pé òun yóò kó wọn kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni ó ń kó wọn lọ? Ọ̀dọ̀ Critical Path tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú, ẹni tí Openwave Messaging rà kí ọdún náà tó parí. Yahoo fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 pé olè tí ó wọ ilé òun ní ọdún 2013 kan gbogbo àpótí tí ó wà lọ́wọ́ òun, bílíọ̀nù mẹ́ta. Ní ọdún 2017 yìí kan náà ni Verizon ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun kò ṣe òwò ímeèlì mọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bá AOL, tàbí kí ó wá ibòmíràn.

Àwọn olówó ńlá sì ti dé sí ọjà náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2004, Google gbé Gmail jáde pẹ̀lú àyè gígábáìtì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Hotmail ń fún ènìyàn ní mẹ́gábáìtì méjì péré. Ní ọdún 2006, ó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ máa lo orúkọ tiwọn lórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Microsoft náà gbé Office 365 jáde ní ọdún 2011. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2022, Google kéde pé àwọn tí ń lo orúkọ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà pípẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san owó. Lẹ́yìn tí wọ́n pariwo ni ó yọ̀ǹda fún àwọn tí kò fi í ṣe òwò. Ọ̀fẹ́ tí ẹlòmíràn ń fún ni, òun náà ló mọ ọjọ́ tí yóò gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹta ọdún 1995 ni wọ́n forúkọ .ng sílẹ̀ fún Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ Yaba College of Technology ní Èkó ni wọ́n sì fi í sí lọ́wọ́. Lónìí, ẹgbẹ́ NiRA ni ó ń bójú tó o. Àwọn aṣojú tí ó fún ní àṣẹ ni ń ta orúkọ náà, àwọn aṣojú yìí a sì máa ní alágbàtà tiwọn. Ọmọ òwò tí ó bá ń bá ìjọ tàbí ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn gbé ìkànnì ró ni ó sábà máa ń ta àpótí ímeèlì fún wọn pẹ̀lú, ẹ̀rọ tí lẹ́tà wọn ń gúnlẹ̀ sí sì lè wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà. Kò sí ibi nínú èyí. Ibi ń bẹ níbi tí ọmọ òwò náà bá forúkọ sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, tí ó sì kó lọ sí òkè òkun, tàbí tí ó kú. Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tí yóò fi sọ pé tiwa ni orúkọ yìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí wà nínú ìwé 1986 yẹn. Partridge ya orúkọ kúrò lára ilé. Ẹni tí ó bá mú orúkọ lọ́wọ́ lè yí àkọsílẹ̀ MX rẹ̀ padà lónìí, kí lẹ́tà rẹ̀ máa lọ sí ilé mìíràn ní ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni tí ń kọ̀wé sí i má sì mọ̀ pé ó ṣí kúrò. Ẹni tí ó ń lo orúkọ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alágbàtà, kò ní agbára yìí; ibi tí wọ́n bá gbé e lọ ni yóò máa bá wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà BT ti bá wọn lọ. Jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ ṣọ́ ilé. Má ṣe jẹ́ kí ó bá ọ jẹ́ orúkọ. Kí o sì ní ẹ̀dà lẹ́tà rẹ lọ́wọ́, nítorí pé lẹ́tà tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìkan kò tíì di tìrẹ.

Àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́, ẹni tí ó gbé e kò sì ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú ímeèlì lè ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù ni pé àwọn baba wa mọ ẹni tí wọ́n rán. Wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀. Àwa kò mọ̀ ọ́n, a kò sì ní padà sí ìgbà àrokò. Ohun tí ó kù fún wa ni kí a bèèrè. Kí á bi ẹni tí ń tà á fún wa pé: Ta ni ìwọ náà ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ilẹ̀ wo ni ẹ̀rọ náà wà? Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jà, ọ̀dọ̀ ta ni lẹ́tà mi yóò wà? Alágbàtà tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí tó bẹ́ẹ̀ kí a san owó fún un, èyí tí kò bá sì lè dáhùn, bí ọjà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ pọ́ọ́kú, ọ̀wọ́n ni.